Mo Kọ́ Àwọn Ọmọ Ìyàgbà ní Ìtàn Blackfoot

Bí ẹ bá bi ọmọ SS1 níhìn-ín ní Ìyàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, pé kí ló mọ̀ nípa àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà kí òyìnbó tó débẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́nu, "wú-wú-wú-wú," bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù. Yóò ní ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń dé sórí, ẹṣin ni wọ́n ń gùn, ọfà ni wọ́n ń ta. Ẹ wá bi í pé ibo ni wọ́n wà báyìí. "Wọ́n ti kú tán, ma."

"Wọ́n ti kú tán" yìí ló ká mi lára tí mo fi ya ọ̀sẹ̀ mélòó kan sọ́tọ̀ ní táàmù tó kọjá láti kọ́ wọn nípa àwọn Blackfoot, tí wọ́n wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn. Kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Pirinsípà wa mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ó sì bi mí lójú àwọn tíṣà yòókù pé ṣé Blackfoot ni WAEC fẹ́ bi wọ́n ni. Mo ní rárá, sà. Ó ní kí n rọra ṣe é. Ìyẹn náà tó mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbé ní Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, òun àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. (Bí àwọn ènìyàn wa ṣe pọ̀ ní Calgary báyìí, ó ku kí wọ́n máa ná ọjà ọlọ́rùn-ún níbẹ̀.) Ní iléèwé ọmọ rẹ̀ obìnrin, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ, ẹnì kan yóò kọ́kọ́ dìde dárúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ tí iléèwé náà wà lórí rẹ̀: Siksika, Kainai, Piikani, Tsuut'ina, Stoney Nakoda. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni Blackfoot. Ọmọ náà ti gbọ́ ọ títí ó fi há a sórí. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó kàn dédé bi mí pé: "Àǹtí, ilẹ̀ ta ni ilé yín wà lórí rẹ̀?"

Mo ní, "Tiwa ni."

"Ta ló fún yín?"

Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn mi ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Ta ló máa fún wa? Sọ fún un pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ kí àwọn baba wa tó dé."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo gbé wọ kíláàsì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi yé wọn ni pé Blackfoot kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni wọ́n. Siksika, Kainai tí òyìnbó ń pè ní Blood, àti Piikani wà ní Alberta. Ìkẹrin ni Amskapi Piikani, àwọn tí ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ń pè ní Blackfeet, tí wọ́n wà ní Montana. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, orúkọ tí gbogbo wọn sì ń pe ara wọn ni Niitsitapi, àwọn ènìyàn gidi. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí ọmọ kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ti nawọ́ sókè. "Ma, bíi tiwa náà ni: Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ̀rọ̀."

Mo ní ó káre, àmọ́ kó dúró ná. Ohun tí mo ń bá àwọn ọmọ yìí jà lé lórí jù ni kí wọ́n máa yára sọ pé ẹni tí wọn kò rí rí dà bí àwọn. Àwa Okun, bí a ti jẹ́ márùn-ún yẹn, abẹ́ gómìnà kan la wà. Ní tiwọn, ààlà orílẹ̀-èdè méjì ló la àárín wọn kọjá. Àwọn tí kò gbé ibẹ̀ rí ló fa ìlà sórí ìwé, ìlà 49 ti àríwá, wọ́n ní apá ibí ni ti Gẹ̀ẹ́sì, apá ọ̀hún ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n bọ́ síhìn-ín, àbúrò bọ́ sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú rẹ̀ láàrin Yorùbá, Kétu ni kó lọ wò, tí ààfin wọn bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí púpọ̀ nínú abúlé wọn sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí pé bọ́ọ̀dù wa ti là láàrin, orí símẹ́ńtì ni mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ilẹ̀ náà sí. Odò North Saskatchewan rèé lókè, odò Yellowstone rèé nísàlẹ̀. Àwọn òkè Rocky ló wà níwọ̀-oòrùn, àwọn òkìtì iyanrìn ńlá ló wà ní ìlà-oòrùn, níbi tí wọ́n gbà pé ẹ̀mí àwọn òkú wọn ń lọ. Àwọn ọmọ yí máàpù náà ká, wọ́n ń fò ó kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n fi rúlà fà. Odò àti òkè ni ààlà wọn, bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe ń fi odò àti pèrègún pààlà oko.

Ọ̀rọ̀ Napi ló wá mú kíláàsì gbóná.

Napi ni bàbá arúgbó inú ìtàn wọn. Òun ló ṣẹ̀dá ilẹ̀ wọn, òun náà ló sì máa ń hùwà wàyó tí ojú kì í tì í. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé Ìjàpá ni. Ìjàpá kò dá nǹkan kan rí láyé. Ìtàn tí mo sọ fún wọn ni ti àpáta ńlá kan tó wà lẹ́bàá ìlú Okotoks, ní gúúsù Calgary. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń wakọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Pápá gbalasa ni gbogbo ibẹ̀, kò sí òkè, kò sí òkúta, àfi àpáta kan ṣoṣo yìí tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó sì là sí méjì.

Wọ́n ní Napi ń rìn lọ lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú ganrín-ganrín. Aṣọ awọ tó dà bora wúwo fún un, ló bá bọ́ ọ, ó dà á bo àpáta náà, ó ní, "Gbà, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ." Kò pẹ́ tó kúrò níbẹ̀ tí ojú ọ̀run ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀, òtútù sì mú un. Ó padà lọ bèèrè aṣọ rẹ̀. Àpáta ní ohun tí wọ́n bá ti fi ta àpáta lọ́rẹ, wọn kì í gbà á padà. Napi já a gbà, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tíì rìn jìnnà tó gbọ́ gbùrù-gbùrù lẹ́yìn. Ó bojú wẹ̀yìn: àpáta ló ń yí bọ̀! Napi ń sá, àpáta ń lé e. Ó ké pe àwọn ẹranko kí wọ́n gba òun, àwọn ẹranko dí àpáta lọ́nà, kò dúró. Àwọn àdán ló gbà á sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Wọ́n ń fò lọ sókè, wọ́n ń já lu àpáta náà títí ó fi là sí méjì. Ìdí nìyẹn tí ojú àdán fi tẹ́ pẹrẹsẹ títí di òní.

Ọmọbìnrin kan ní àlọ́ tí kò ní orin kò tíì pé. Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti fi orin sí i, ẹ̀yìn kíláàsì ń lé, iwájú ń gbè é, tíṣà Ìṣirò sì wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà láti wo ohun tó dé.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ló wọ́ àpáta náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òkè Rocky, ó sì wọ̀n tó 16,500 tọ́ọ̀nù. Mo sọ ìyẹn náà fún wọn. Ọmọkùnrin kan bi mí pé èwo wá ni òótọ́. Mo ní yìnyín sọ bí òkúta ṣe débẹ̀. Napi sọ ẹni tó ti ń bá òkúta náà gbé. Àlejò kò lè ní irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gbogbo ilẹ̀ Blackfoot ló sì rí báyẹn. Odò kan wà ní Alberta tí òyìnbó ń pè ní Oldman, Napi yẹn náà ló ni ín. Bí bàbá bá ń mú ọmọ rẹ̀ rìn, yóò máa tọ́ka sí ibi tí Napi ti jókòó, ibi tó ti ṣubú, ibi tí wọ́n ti tàn án jẹ. Tẹ́nikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ yín ni, ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò dé.

Mo wá bi kíláàsì pé òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa ńkọ́, ta ló lè sọ ìtàn òkúta kan ṣoṣo lórí rẹ̀? Kẹ́kẹ́ pa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí òkè náà. Àwọn ọmọkùnrin mélòó kan ti dẹ òkété débẹ̀, àwọn míì ti ṣa kajú nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa gbà láti mú wa gùn ún. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọ̀kun o, Bàbá." Bàbá dáhùn, ó wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, ó ní kí gbogbo ẹni tó wọ sílípáàsì padà sílé. Kò sẹ́ni tó padà. Wọ́n bọ́ ọ sọ́wọ́.

Fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí: ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídá ń kó ilẹ̀ Okun lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa ló sá gun orí òkè lọ tẹ̀dó síbẹ̀, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Ó di 1897, nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kàbà tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídá, kí ẹ̀rù yẹn tó rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí ibi tí a wà lónìí.

Lókè náà, igi oṣè ló kọ́kọ́ kí wa. Bàbá ní níbi tí a bá ti rí oṣè nínú igbó báyẹn, ká mọ̀ pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ìpìlẹ̀ ilé ṣì wà nílẹ̀, òkúta tí wọ́n tò yípo, koríko ti bo púpọ̀ nínú wọn. Ó wá mú wa dé orí àpáta pẹrẹsẹ kan. Àwọn ojú ihò kan wà lára rẹ̀, wọ́n fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, inú wọn sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Bàbá da omi inú ike rẹ̀ sí ọ̀kan, ó ní kí ọmọbìnrin kan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ibí ni ìyá àwọn ìyá yín ti ń lọ bàbà." Ọmọ náà ń fi ìka tọ ibi tí ọmọ ọlọ ti jẹ òkúta wọnú, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kò yára yọ ọwọ́. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń sọ pé kó kúrò kó kan àwọn.

Ibi tí aṣọ́nà máa ń jókòó sí wà lápá àríwá. A rí òrùlé iléèwé wa níbẹ̀, a rí títì, a rí ọkọ̀ tó ń lọ sápá Ìsánlú. Bí a ṣe dúró síbẹ̀ ni ọmọ ẹ̀bá fèrèsé yẹn tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ma, ẹṣin ló gbé àwọn Blackfoot dìde, ẹṣin náà ló lé wa gun òkè."

Èmi tí mo ti ń kọ́ ìtàn tipẹ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo ti kọ́ wọn pé ajá ló ń wọ́ ẹrù fún àwọn Blackfoot tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á so igi méjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Pé inú àwọn ọdún 1700 ni ẹṣin tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Pé láti ìgbà náà kò sí ẹni tó tó wọ́n kò lójú lórí pápá yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń lọ jí ẹṣin àwọn Crow, wọ́n lé àwọn Shoshone sẹ́yìn, wọ́n bá àwọn Cree jà títí. Ẹ má jẹ́ ká sọ wọ́n di áńgẹ́lì o. Ẹni tó wà lórí ẹṣin ti mọ bó ṣe ń rí.

Ẹfọ̀n ni kókó gbogbo ayé wọn. Ẹfọ̀n tiwọn kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń kì nínú ìjálá. Ó ní iké lẹ́yìn, irun sì bo iwájú rẹ̀ dé orókún. Wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n ń fi awọ rẹ̀ ṣe àgọ́ àti aṣọ, wọ́n ń fi egungun rẹ̀ ṣe irinṣẹ́. Ibì kan wà lẹ́bàá Fort Macleod ní Alberta tó ń jẹ́ Head-Smashed-In Buffalo Jump. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 1981. Fún nǹkan bí 6,000 ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń da ẹfọ̀n sísàlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á to òkúta sí òkìtì kéékèèké ní ìlà méjì tó gùn lọ lórí pápá, bí ọ̀nà tó ń há díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á da awọ ọmọ ẹfọ̀n bora, á máa ké bí ọmọ tó sọnù, kí àwọn ìyá lè máa tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù á wá dìde lẹ́yìn agbo, wọ́n á pariwo, agbo á tú pẹ̀ẹ́, wọ́n á máa sáré lọ síbi tí ilẹ̀ ti tán lójijì. Ìtàn orúkọ ibẹ̀ ni pé ọmọkùnrin kan fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń já bọ́, ó lọ dúró sísàlẹ̀ bèbè. Ẹfọ̀n pọ̀ lọ́jọ́ náà, òkú wọn sì fún un mọ́ ògiri àpáta títí orí rẹ̀ fi fọ́. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn lọ. Ọmọ SS1 ni wọ́n, kí ni ẹ retí?

Ẹfọ̀n yẹn tán. Ohun tí wọ́n ń kà sí 30 mílíọ̀nù nígbà kan kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ mọ́ nígbà tí àwọn ọdún 1800 fi parí. Ìbọn òyìnbó ló pa púpọ̀ jù, wọ́n ń ta awọ rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn ni ìgbóná ti jà láàrin àwọn Blackfoot ní 1781 àti 1837. Ní 23 January 1870, ọmọ ogun Amẹ́ríkà yìnbọn lu àgọ́ wọn kan lẹ́bàá odò Marias ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Ní Montana, ní ìgbà òtútù 1883 sí 1884, ebi pa nǹkan bí 600 ènìyàn nínú wọn. Mi ò pẹ́ lórí èyí. Ọmọ kan sunkún, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dúró síbẹ̀, òkú nìkan ni wọ́n máa rántí, a ó sì padà síbi "wọ́n ti kú tán."

Ìwé àdéhùn ni mo pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 22 September 1877, ní Blackfoot Crossing létí odò Bow, àwọn olóyè Blackfoot, Crowfoot ti Siksika àti Red Crow ti Kainai wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn Tsuut'ina àti Stoney Nakoda, bá aṣojú ìjọba Kánádà ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Treaty 7. Bó ṣe wà nínú ìwé, wọ́n fi ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 130,000 kìlómítà onígun mẹ́rin sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kogi wọ inú rẹ̀ nígbà mẹ́rin, ó tún ṣẹ́ kù. Wọ́n ní ìdílé ènìyàn márùn-ún yóò gba ilẹ̀ máìlì kan níbùú, máìlì kan lóròó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa gba dọ́là 5 lọ́dún, olóyè àgbà yóò máa gba 25. Títí di òní, dọ́là 5 náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò ju owó ìpápánu kan lọ ní Calgary.

Ohun tí àwọn àgbà Blackfoot ń sọ láti ìran dé ìran yàtọ̀. Wọ́n ní àlàáfíà ni àwọn lọ ṣe, pé káwọn jọ máa lo ilẹ̀ náà, pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé àwọn ń tà á. Ògbufọ̀ tó wà níbẹ̀ kò mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo pín kíláàsì sí méjì, apá kan di olóyè, apá kejì di òyìnbó. Ọmọ tó jẹ́ ògbufọ̀, mo ti sọ fún un ní kọ̀rọ̀ kó máa yọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó ṣe é débi tí àwọn olóyè fi fẹ́ nà án.

Ọmọ kan tó fẹ́ràn Civic ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Ó ní, "Ma, tiwa náà ńkọ́? Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀." Mo ní òfin náà sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, kó máa bá àwọn aráàlú tọ́jú rẹ̀. Ó ní ta ló bi bàbá òun léèrè kí wọ́n tó ṣe òfin náà? Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ yẹn dé etí àwọn òbí, nítorí bàbá méjì ti dá mi dúró lọ́jà láti bi mí pé kí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

Síbẹ̀ tiwa kì í ṣe tiwọn. Oko iṣu tí bàbá mi kọ, èmi àti àwọn àbúrò mi ló ń kọ ọ́ báyìí. Lẹ́yìn 1885, ará Siksika tó fẹ́ jáde kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ní láti gba ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin kankan tó fàṣẹ sí i. Bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n bi mí bóyá ó kan ẹni tó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀. Mo ní ó kàn án.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Mo ń ka bí ìjọba Kánádà àti àwọn ìjọ ṣe kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ sí iléèwé agbéléwé, ìyẹn bọ́dìn, ó ju 150,000 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n gé irun wọn, tí wọ́n sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè wọn. St. Mary's lórí ilẹ̀ Kainai kò tì títí di 1988. Ìjọba tọrọ àforíjì ní 2008. Ìyá mi gbọ́ "ìjọ" níbi tó jókòó sí, ó ní, "Ṣé ti Titcombe lo wá ń sọ yìí?" Ọmọ ìjọ SIM ni ìyá mi látilẹ̀, kó tó di ECWA. Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì SIM, sì rèé, láti Kánádà ló ti wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Mo ní, "Màmi, rárá o." Ìyá-ìyá mi kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, nílé ló sì ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Kò sí ọlọ́pàá tó wá mú un lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba kan náà tó ń ṣe ìyẹn ní Alberta, ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń kọ́ wa ní ABD ní Ẹ̀gbẹ̀. Mo fi méjèèjì sílẹ̀ fún wọn lórí tábìlì. Àwọn ọmọ Siksika ló wá yà mí lẹ́nu: ilé tó jẹ́ iléèwé agbéléwé Old Sun ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn fúnra wọn báyìí, Old Sun Community College, wọ́n sì ń kọ́ èdè Blackfoot níbẹ̀.

Mo parí rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Mo fi Lily Gladstone hàn wọ́n, ọmọ Blackfeet tó dàgbà ní Montana, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe ní January 2024, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ti òṣèré obìnrin tó dáńgájíá jù níbẹ̀. Èdè Blackfoot ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe títí dátà mi fi fẹ́ tán. Mo sọ ti ẹfọ̀n náà fún wọn: ní 2014 ni àwọn ìlú Blackfoot àti àwọn mìíràn bá ara wọn ṣe àdéhùn, láàrin ara wọn lọ́tẹ̀ yìí, láti dá ẹfọ̀n padà, ní 2016 wọ́n kó ọmọ ẹfọ̀n láti Elk Island ní Alberta lọ sí Montana, ní 2023 wọ́n tú díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá Chief Mountain kí wọ́n máa dá rìn.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn o. Láti 1972 ni òfin ìpilẹ̀ Montana ti fi àjogúnbá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́, nígbà tó sì di 1999, wọ́n ṣe òfin pé gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ náà, dúdú, funfun, ló gbọ́dọ̀ kọ́ nípa wọn. Láti 1991 tí wọ́n ti dá Kogi sílẹ̀, ọmọ Ìdàh lè jáde ìwé mẹ́wàá láìgbọ́ orúkọ Bùnú, ọmọ tèmi níbí kò sì mọ ju pé Ébìrà ń gbé Òkènè lọ. Mo sọ ọ́ fún pirinsípà. Ó ní kí n kọ ọ́ wá. Mo ti kọ ọ́, ó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ní táàmù tó ń bọ̀, a ó lọ sí Lọ́kọ́jà, níbi tí Lugard ti gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní 1 January 1900, lẹ́yìn tí ìjọba wọn gba àṣẹ lọ́wọ́ Royal Niger Company pẹ̀lú owó £865,000. Mo fẹ́ kí ọmọ Civic yẹn ṣírò iye tó kan òkè wa nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló kù, dírẹ́bà méjì tí mo bá sọ̀rọ̀, owó tí wọ́n pè kò ṣeé gbọ́ sétí.

Àwọn ọmọ tún ń kọ orúkọ àwọn àdúgbò tó wà lórí òkè kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ọdẹ rántí díẹ̀, àmọ́ ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Èkó àti Abuja. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà kan bá wà lọ́dọ̀ yín láti apá Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìyàrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n, kí ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi béèrè orúkọ òkúta náà, kì í ṣe ti ìdílé nìkan.